Obìnrin kan tí adijú-sọ̀tàn kò ràn lọ́wọ́: ìjókòó mẹ́fà nínú VR lẹ́yìn ìkọlù New York

Aláìsàn tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ obìnrin ọmọ ọdún 26. Ó wà lára àwọn tí orí kó yọ nígbà tí àwọn apániláyà já bàálù gbà, tí wọ́n sì fi wọ́n kọlu ilé gogoro méjì World Trade Center ní New York, ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001. Ikú kò mú un lọ́jọ́ náà, àmọ́ PTSD mú un, ìyẹn àìsàn tí ìjàǹbá tó kọjá ààlà máa ń fi sílẹ̀ fún ẹni tó ṣojú rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ ní ọ̀nà tí gbogbo olùtọ́jú mọ̀, ìyẹn adijú-sọ̀tàn, níbi tí aláìsàn ti ń di ojú, tó sì ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, kò gbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé akoto VR, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ayé inú kọ̀ǹpútà yí ojú ènìyàn ká, wọ̀ ọ́ lórí fún ìjókòó mẹ́fà, wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n máa fi parí, àmì PTSD tó wà lára rẹ̀ ti fi ìdá 90 nínú 100 dínkù.

JoAnn Difede, onímọ̀ ìrònú-ẹ̀dá ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Weill Cornell ní New York, àti Hunter Hoffman ti Yunifásítì Washington ní Seattle ló kọ ìtọ́jú náà sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2002. Nígbà yẹn, ẹgbẹ́ Hoffman ti ń lo VR fún àwọn tó ń bẹ̀rù aláǹtakùn, wọ́n sì ti ń fi ayé oníyìnyín inú kọ̀ǹpútà fa ọkàn àwọn tí iná jó kúrò lára ìrora nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ń tọ́jú ojú egbò wọn. Ní Atlanta náà, Barbara Rothbaum, Larry Hodges àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti gbé ìròyìn tiwọn jáde lọ́dún 1999 nípa ọkùnrin ẹni 50 ọdún kan tó ja ogun Vietnam. Ìjókòó 14 ni wọ́n ṣe fún un, ìṣẹ́jú 90 lẹ́ẹ̀kan, nínú hẹlikópítà àti nínú gbalasa àárín igbó tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yà. Àmì tirẹ̀ fi ìdá 34 nínú 100 dínkù nígbà tí olùtọ́jú wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ogun ọkùnrin yẹn ti lé ní ogún ọdún sẹ́yìn kó tó wọ akoto. Ọgbẹ́ ti obìnrin yìí ṣì tutù.

Ẹni tí kò bá tíì wọ akoto VR rí: skírínì kékeré méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan níwájú ojú kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń mọ ibi tí orí kọjú sí. Bí o bá gbójú sókè, àwòrán náà á gbójú sókè. Bí o bá wo ọ̀tún, wàá rí ohun tó wà lọ́tùn-ún. Yàrá tí o jókòó sí ò sí lójú rẹ mọ́. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí sinimá nìyẹn, nítorí pé ẹni tó ń wo sinimá mọ̀ pé ògiri ni òun ń wò.

Ohun tó ń ṣe é

Ìwé DSM-IV, èyí tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ń lò nígbà náà, pín àmì PTSD sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Èkíní ni pé ìṣẹ̀lẹ̀ náà ń padà wá fúnra rẹ̀, lójú àlá, lójú ayé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Èkejì ni pé aláìsàn ń sá fún gbogbo ohun tó lè rán an létí, ọkàn rẹ̀ á sì kú sí ohun tó ń fẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé ara rẹ̀ kì í balẹ̀: kì í rí oorun sùn, ó ń ta gìrì, ó ń bínú lórí ohun tí kò tó nǹkan. Láàárín àwọn tó la ìkọlù New York já, ìró bàálù tó fò sílẹ̀ díẹ̀ lè mú kí ẹni tó ń rìn lọ́nà wá ibi fara pamọ́ sí. Ojú ọ̀run mọ́ kedere ní àárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí náà ojú ọ̀run tó mọ́ lásán ti tó láti mú àyà ẹlòmíràn já.

Àmì wọ̀nyí gbọ́dọ̀ ti lé ní oṣù kan kí dókítà tó pè é ní PTSD. Bí kò bá tíì pé oṣù mẹ́ta, PTSD tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ni DSM-IV ń pè é nígbà náà, ìsọ̀rí yẹn sì ni obìnrin yìí wà. Kí òǹkàwé má gbàgbé èyí, nítorí ó kan bí a ṣe máa gba èsì rẹ̀ gbọ́ tó.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi wọn àìsàn náà. CAPS jẹ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí olùtọ́jú ń ṣe fúnra rẹ̀. Irú èyí tí wọ́n ń lò nígbà náà ní àmì 17. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, olùtọ́jú á béèrè bó ṣe ń wáyé léraléra tó, á fún un ní 0 sí 4, á tún béèrè bó ṣe le tó, 0 sí 4 náà, àpapọ̀ rẹ̀ lè dé 136. Ó máa ń gba tó wákàtí kan, kò sì yẹ kí wọ́n fi ìwé ìbéèrè tí aláìsàn ń fúnra rẹ̀ kọ dípò rẹ̀, torí ẹni tó ń sá fún ìrántí máa ń yára fa igi sí «rárá». Èkejì ni òṣùwọ̀n Beck fún ìbànújẹ́ ọkàn, ìbéèrè 21, tí aláìsàn ń dáhùn fúnra rẹ̀.

Adijú-sọ̀tàn, àti ibi tó ti ń já

Ìtọ́jú tó ní ẹ̀rí jù lọ fún PTSD nígbà náà ni kí aláìsàn kojú ìrántí tó ń sá fún. Edna Foa ti Yunifásítì Pennsylvania àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Aláìsàn á jókòó, á di ojú, á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin bíi pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́: «mo ń sáré, mo ń gbọ́ igbe», kì í ṣe «mo sáré, mo gbọ́ igbe lọ́jọ́ náà». Bó bá parí, á tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, á máa gbọ́ ọ nílé lójoojúmọ́. A óò máa pè é ní adijú-sọ̀tàn nínú àkọsílẹ̀ yìí.

Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro. Ẹni tó bá ń sá fún ìrántí kò ní mọ̀ láé pé ìrántí kò lè pa á. Bó bá dúró tì í, tí ẹ̀rù bà á dé góńgó, tí kò sì sá, ẹ̀rù náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ara á sì kọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè kọ́ ọ. Àmọ́ kò lè rí bẹ́ẹ̀ àyàfi bí ẹ̀rù náà bá kọ́kọ́ dìde. Ibẹ̀ gan-an ni adijú-sọ̀tàn ti máa ń já.

Àwọn kan á kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn ò sọ ọ́. Àwọn mìíràn, tó ṣòro dá mọ̀ jù, á sọ ọ́ tán pátá láìsí omijé kan: wọ́n á ka àkókò, wọ́n á dárúkọ òpópónà, wọ́n á tò ó bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò. Ojú wọn dì, wọ́n ń sọ̀rọ̀, olùtọ́jú rò pé iṣẹ́ ń lọ, ṣùgbọ́n ọkàn ò sí níbẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé mélòó ni ìdààmú rẹ̀ láàárín 0 àti 100, á ní 20. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìjókòó mẹ́wàá, kó má sì yá. Kì í ṣe pé ó ń tanni. Ìyẹra fún ìrántí jẹ́ ara àìsàn náà, ìtọ́jú yìí sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán tó ń sá fún.

Ìtọ́jú yìí ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún obìnrin wa, ara rẹ̀ kò sì yá. Difede àti Hoffman wá ronú pé bí ọkàn rẹ̀ ò bá lè ya àwòrán náà, kí kọ̀ǹpútà bá a yà á.

Ìpele mọ́kànlá

Inú ayé tí wọ́n kọ́ fún un, ilé gogoro méjèèjì ló dúró sí àárín New York, pẹ̀lú ìró ìgboro. Olùtọ́jú ló ń fi kíbọ́ọ̀dù darí ohun tó máa ṣẹlẹ̀, aláìsàn ò ní bọ́tìnnì kankan lọ́wọ́. Wọ́n fọ́ ọjọ́ yẹn sí ìpele 11, títò tí wọ́n tò ó sì ni ohun tó níye lórí jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, ó ju akoto lọ.

Ní ìpele kìíní, bàálù kan fò kọjá lókè ilé gogoro náà. Kò kọlù ú. Ó kọjá lọ. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí á ní kí ló wà níbẹ̀, àmọ́ ohun tí ara aláìsàn ń retí ni ìbúgbàù, kò sì wáyé. Ní ìpele kejì, bàálù kọlu ilé, ṣùgbọ́n kò sí iná, kò sí ìbúgbàù. Ìpele kẹta mú ìbúgbàù wá, láìsí ìró kankan. Ìpele kẹrin ni ìbúgbàù ti wá pẹ̀lú ìró rẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ya ojú sọ́tọ̀ sí etí láàárín ìpele kẹta àti ìkẹrin. Ìró máa ń ta ara jí kí ọpọlọ tó rò ó, ẹni tó ń ta gìrì ò sì lè rí ààyè wo ohun tó wà níwájú rẹ̀. Bí a bá fi ìró àti àwòrán lù ú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sí bí olùtọ́jú ṣe máa mọ èyí tó gbé ìdààmú ga. Bí wọ́n bá yà wọ́n, aláìsàn á ti mọ àwòrán náà dáadáa kí ìró tó dé, ohun tuntun kan ṣoṣo ni yóò sì máa kojú ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó jáde lẹ́yìn tiwọn ní bọ́tìnnì ìró lọ́tọ̀. Ẹ má ra èyí tí kò bá ní in.

Ìpele karùn-ún fi ilé tó ń jó, tó ń rú èéfín hàn, pẹ̀lú ihò níbi tí bàálù gbà wọlé, láìsí igbe ènìyàn. Ìkẹfà fi igbe kún un. Ìkeje fi àwọn ènìyàn tó ń fò láti òkè ilé kún un. Ibí yìí le gidigidi, torí pé gbogbo ohun tó ṣáájú ni ilé, iná àti irin. Èyí ni ẹ̀mí ènìyàn. A mọ àwọn olùtọ́jú tó gbà pé kò yẹ kí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wà nínú VR rárá. Èrò tiwa ni pé bí aláìsàn bá rí i lọ́jọ́ náà, tó sì ń rí i lálàá, fífi í pamọ́ nínú ìtọ́jú á dà bí ìgbà tí olùtọ́jú náà ń sá fún un. Bí kò bá sì rí i rí, a kì í fi hàn án. VR kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rù tuntun kún ẹ̀rù àtijọ́.

Ní ìpele kẹjọ, bàálù kejì kọlu ilé kejì, pẹ̀lú iná àti ìró. Ní ìkẹsàn-án, ilé kejì wó, eruku rẹ̀ gba gbogbo ojú. Ní ìkẹwàá, ilé kìíní wó. Èyí bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu: ilé gúúsù ni bàálù kọlù gbẹ̀yìn, ní 9:03 àárọ̀, òun náà ló sì kọ́kọ́ wó, ní 9:59, ti àríwá, tí wọ́n kọlù ní 8:46, wó ní 10:28. Aláìsàn tó wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá yí i padà, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni «kò rí báyìí», ọkàn rẹ̀ á sì jáde kúrò nínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìpele kọkànlá ni gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, láìdúró.

Àwòrán ayé yẹn kò dán. Ère ènìyàn inú rẹ̀ kò jọ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ò sì dí i lọ́wọ́, torí iṣẹ́ àwòrán ni láti ṣílẹ̀kùn. Ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, aláìsàn ló ni ín.

Bí wákàtí kan ṣe ń lọ

Àkókò díẹ̀ àkọ́kọ́ wà fún bí ọ̀sẹ̀ ṣe lọ sí: oorun, àlá, ohun tó yẹra fún, ohun tó gbìyànjú. Wọ́n á wá gbé akoto wọ̀ ọ́, wọ́n á sì dúró ní ìpele tó ti mọ́ ọn lára títí àwòrán yóò fi dúró jẹ́ẹ́ lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba nọ́ńbà ìdààmú àkọ́kọ́, 0 sí 100, kí wọ́n tó mú un tẹ̀ síwájú.

Bí ohun tuntun bá ti ń ṣẹlẹ̀ níwájú rẹ̀, aláìsàn ń sọ̀rọ̀. Kò kàn ń wòran. Ó ń sọ ohun tó rí lọ́jọ́ náà, ibi tó dúró sí, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun tó rò. Olùtọ́jú ń tún ìpele kan náà ṣe, ó ń béèrè nọ́ńbà ní bíi ìṣẹ́jú márùn-ún síra, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àkókò rẹ̀. Bí nọ́ńbà bá gòkè lọ sí 80, ó dára. Ohun tí adijú-sọ̀tàn ò rí ṣe nìyẹn. Bó bá ti wálẹ̀ dé bí ìdajì, tó sì dúró síbẹ̀ nígbà tí wọ́n tún un ṣe, wọ́n lè lọ sí ìpele tó kàn. Bí kò bá wálẹ̀, wọ́n dúró síbẹ̀, kódà bí ìjókòó yẹn bá parí lórí ìpele kan ṣoṣo. Fún ìpele 11 nínú ìjókòó mẹ́fà, ó hàn pé ó máa ń ju ìpele kan lọ nínú wákàtí kan, ṣùgbọ́n ìṣirò yìí kì í ṣe òfin fún aláìsàn mìíràn.

Olùtọ́jú kì í dákẹ́, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. «O ń ṣe dáadáa, má sá, kí lò ń rí báyìí?» ti tó. Bó bá ń tù ú nínú jù, ìtùnú náà á di ibi ìsádi, aláìsàn á sì kọ́ pé ohùn olùtọ́jú ló dáàbò bo òun. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó gbẹ̀yìn, akoto á ti kúrò lórí, wọ́n á sọ̀rọ̀ nípa ohun tó jáde: ìdí tí òun fi yè tí ẹlòmíràn kú, ohun tó yẹ kó ṣe tí kò ṣe. Iṣẹ́ ńlá wà níbí tí ẹ̀rọ ò lè bá wa ṣe. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ jáde lọ sí títì nígbà tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà lókè.

Ohun tó ń bà á jẹ́

Ìkánjú ló wọ́pọ̀ jù. Olùtọ́jú rí i pé ìpele kìíní rọrùn, ó fò lọ sí ìkeje. Ìdààmú bú, aláìsàn ṣí akoto kúrò lórí, ó sì lọ sílé. Ohun tí ara rẹ̀ kọ́ lọ́jọ́ yẹn ni pé sísá ló gbà á. Ìrántí náà á wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, aláìsàn náà kò sì ní padà wá. Bó bá ti bú báyìí, ẹ má bọ́ akoto náà kíákíá. Ẹ dá a padà sí ìpele ìsàlẹ̀ tó mọ́ ọn lára, kó dúró níbẹ̀ títí nọ́ńbà yóò fi wálẹ̀, kí ó tó bọ́ ọ.

Ìyẹra tún ń wáyé nínú akoto, ó sì ń fara pamọ́ dáadáa. Olùtọ́jú ń rí ohun tí aláìsàn ń rí lórí skírínì tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ òpópónà ló ń hàn níbẹ̀ nígbà tí bàálù ń bọ̀, aláìsàn ti dorí kodò. Èyí rọrùn láti rí. Ṣùgbọ́n skírínì kò ní sọ bí ojú bá dì lábẹ́ akoto. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ̀ ni pé kí wọ́n béèrè ohun kékeré tó wà nínú àwòrán, bí apá ibi tí èéfín ń gbà lọ. Ẹni tó dijú ò ní lè dáhùn. Wọn kì í bá a wí. Wọ́n á sọ fún un pé wọ́n rí i, wọ́n á sì padà sẹ́yìn ní ìpele kan.

Òòyì àti èébì náà wà. Bí àwòrán bá ń pẹ́ kó tó tẹ̀lé orí, etí inú á sọ pé orí ti yí, ojú á sọ pé kò tíì yí, inú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Bó bá jẹ́ pé olùtọ́jú ló ń fi kíbọ́ọ̀dù gbé aláìsàn kiri nígbà tí ara rẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́, èyí á tún le sí i. Ẹ jẹ́ kí aláìsàn dúró sójú kan nínú ayé náà, kí orí rẹ̀ nìkan máa yí. Òòyì àti ẹ̀rù sì jọra lára: òógùn, ọkàn tó ń lù kìkì, inú rírú. Olùtọ́jú tí kò bá béèrè èyí tó jẹ́ á kọ òòyì sílẹ̀ bí ìdààmú, á sì máa dúró kó wálẹ̀ lásán.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ oògùn. Ẹni tó bá lo oògùn amárabalẹ̀ bíi Valium, Lexotan tàbí Xanax kó tó wọlé kò ní bẹ̀rù tó bó ṣe yẹ, ohun tó bá kọ́ lábẹ́ oògùn ò sì ní dúró. Kì í ṣe àbá lásán. Lọ́dún 2014, Rothbaum àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ológun 156 tí wọ́n fi VR tọ́jú. Àwọn tí wọ́n fún ní alprazolam, ìyẹn oògùn inú Xanax, ṣáájú ìjókòó burú ju àwọn tó mu oògùn òfìfo lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì fúnra rẹ̀ já oògùn tó ti ń lò lójoojúmọ́ nítorí èyí. Dókítà tó kọ ọ́ ló máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Wọn kì í gbé akoto wọ ẹni tó ń gbèrò láti pa ara rẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí kò sí, tàbí ẹni tí wárápá rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀.

Èsì, àti bó ṣe wúwo tó

Lẹ́yìn ìjókòó mẹ́fà, òṣùwọ̀n CAPS fi ìdá 90 nínú 100 wálẹ̀, òṣùwọ̀n ìbànújẹ́ ọkàn sì fi ìdá 83 wálẹ̀. Wọn ò tọ́jú ìbànújẹ́ náà lọ́tọ̀. Nígbà tí PTSD lọ, ó tẹ̀lé e, bó ṣe máa ń rí lára ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ó dùn mọ́ni, àmọ́ ẹnì kan ni. Kò sí ẹlòmíràn tí wọn ò fún ní VR tí a lè fi wé e. PTSD tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú sì máa ń rọ̀ fúnra rẹ̀ lára àwọn kan láàárín oṣù díẹ̀, ìyẹn ni a ṣe ní kí òǹkàwé má gbàgbé ìsọ̀rí tó wà. Ó tún ti gba adijú-sọ̀tàn ṣáájú. Ta ni yóò búra pé kò sí nǹkan kan tí ìyẹn ti gbìn? Àwọn tó kọ ìròyìn náà pàápàá kò fi bò pé ìtàn ẹnì kan kò lè fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe lọ ṣe èyí tó tóbi. Lọ́dún 2007, Difede àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ènìyàn 13 tí wọ́n fún ní VR jáde, pẹ̀lú 8 tó ń dúró de ìtọ́jú. Nínú 10 tó parí VR, 7 kò ní PTSD mọ́. Nínú àwọn tó ń dúró, kò sẹ́ni tó bọ́. Lọ́dún 2008, Maryrose Gerardi, Rothbaum àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ ìròyìn ọkùnrin ọmọ ọdún 29 kan tó ti Iraq dé, tí wọ́n fi ayé Iraq inú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ọwọ́ Skip Rizzo àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Southern California, tọ́jú: ìjókòó mẹ́rin, ìṣẹ́jú 90 lẹ́ẹ̀kan, CAPS rẹ̀ wálẹ̀ láti 106 sí 47. Ẹ fi èyí wé ti obìnrin wa: 47 kì í ṣe ìlera, ẹni tó ní in ṣì nílò ìtọ́jú.

Ìwádìí tó yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ kọ́kọ́ kà ni ti Greg Reger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó jáde lọ́dún 2016. Ọmọ-ogun 162 ni wọ́n pín sí mẹ́ta: VR, adijú-sọ̀tàn, àti àwọn tó ń dúró. Àwọn tó gba ìtọ́jú yálà VR tàbí adijú-sọ̀tàn sàn ju àwọn tó ń dúró lọ. Ṣùgbọ́n VR kò borí adijú-sọ̀tàn, kódà ní oṣù mẹ́ta àti mẹ́fà lẹ́yìn náà, adijú-sọ̀tàn ló wà níwájú. Èyí kò ta ko ìtàn obìnrin New York. Kì í ṣe àwọn tí adijú-sọ̀tàn ti já kulẹ̀ fún nìkan ni wọ́n kó jọ níbẹ̀, àwọn tó lè ya àwòrán lọ́kàn fúnra wọn pọ̀ láàárín wọn. Kí ni irú wọn fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe? Àwòrán tiwọn ló péye jù.

Nítorí náà, bí a ṣe ń tò ó rèé: adijú-sọ̀tàn kọ́kọ́, pẹ̀lú nọ́ńbà ìdààmú lórí ìwé láti ìjókòó kìíní. Bí nọ́ńbà bá ń gòkè tó sì ń wálẹ̀, ẹ jẹ́ kí akoto wà nínú àpótí rẹ̀. Bí ó bá wà ní 20 fún ìjókòó méjì sí mẹ́ta tí aláìsàn sì ń sọ ohun tó burú jù láyé rẹ̀, tàbí tí kò lè sọ ọ́ rárá, ìgbà yẹn ni kí wọ́n gbé VR wá, láti ìpele kìíní, pẹ̀lú bàálù tó kàn ń fò kọjá.